Ìpara oòrùn: bí a ṣe ń gbé àǹfààní rẹ̀ àti ewu rẹ̀ lé orí ìwọ̀n

Ìbéèrè méjì ló máa ń lọ́ mọ́ra wọn bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìpara oòrùn, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní sunscreen. Èkíní: kí ni oòrùn lè fi awọ ara mi ṣe? Èkejì: kí ni ohun tó wà nínú ike yìí lè fi mí ṣe? Àwọn tó pọ̀ jù máa ń sáré lọ bá èkejì láìtíì dáhùn èkíní. Ìdí nìyẹn tí àfín kan fi lè máa sá fún ìpara torí wọ́n ní kẹ́míkà wà nínú rẹ̀, tí ẹlòmíì tó ń jókòó sínú yàrá tí kò ní fèrèsé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ á sì máa tún SPF 100 pa ní wákàtí méjì-méjì (SPF ni nọ́ńbà ara ike tó ń sọ bí ìpara ṣe ń dá ìtànṣán oòrùn tó ń jó awọ dúró tó). A ó kọ́kọ́ wo oòrùn, a ó wo awọ, lẹ́yìn náà la ó tó yẹ ike wò.

Ẹ jẹ́ ká sọ èrò wa síta láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ewu tó so mọ́ ìpara oòrùn, èyí tó ń ṣe èèyàn ní jàǹbá jù ni pé kéèyàn pa á fẹ́ẹ́rẹ́, kó wá fọkàn tán an, kó sì torí rẹ̀ pẹ́ nínú oòrùn. Ọwọ́ ẹni tó ń pa á ni ewu yìí wà, ó sì ṣeé tún ṣe.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn oòrùn

Ìtànṣán UV ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ojú kò rí i, ara kò sì mọ̀ ọ́n bí ooru. Oríṣi méjì nínú rẹ̀ ló ń dé ilẹ̀. UVB ló ń jó awọ, tó ń mú kó pọ́n, kó sì máa ta èèyàn. Òun náà ló ń ba DNA inú sẹ́ẹ̀lì awọ jẹ́ ní tààrà. UVA kì í jóni bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ń wọnú awọ jìn ju UVB lọ, ó ń ba àwọn okun tín-ín-rín tó mú awọ le jẹ́, awọ á wá máa hunjọ, á sì máa yọ àbàwọ́n. Nínú UV tó ń dé ilẹ̀, nǹkan bí 95 nínú 100 ló jẹ́ UVA. Gíláàsì fèrèsé máa ń dá ọ̀pọ̀ UVB dúró, ṣùgbọ́n UVA púpọ̀ ń gbà á kọjá. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbẹ́ ojú kan fi lè gbó ju èkejì lọ lára awakọ̀ tó ti pẹ́ nídìí ọkọ̀. Ní 1992, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ka ìtànṣán oòrùn mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn.

Nọ́ńbà kan wà tó ń sọ bí oòrùn ṣe le tó lónìí. UV index ni wọ́n ń pè é, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ áàpù ojú ọjọ́ lórí fóònù. Láti 0 dé 2, ó kéré. 3 dé 5 wà ní àárín, 6 àti 7 ga, 8 dé 10 ga gan-an, 11 lọ sókè sì ti kọjá bẹ́ẹ̀. Láti 3 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kéèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dáàbò bo ara rẹ̀. Bí fóònù kò bá sí lọ́wọ́, ẹ wo òjìji yín nílẹ̀: bó bá kúrú jù yín lọ, UV le, bó bá gùn jù yín lọ, ó ti ń rọ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló máa ń le jù.

Ooru àti UV kì í rìn pọ̀ nígbà gbogbo, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ọjọ́ tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ lè jó awọ bí ọjọ́ tí ooru mú, torí UV kan náà ni. Ìkùukùu fẹ́lẹ́ kì í dá púpọ̀ dúró. Ilẹ̀ náà ń ta ìtànṣán padà sókè: yìnyín tuntun tó bo ilẹ̀ lè dá nǹkan bí 80 nínú 100 padà, ìfófòó òkun nǹkan bí 25, iyanrìn gbígbẹ etíkun nǹkan bí 15. Ẹni tó jókòó sábẹ́ agboòrùn létí òkun kò tíì bọ́ tán nìyẹn. Bí èèyàn bá sì ń gun òkè, UV ń fi nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 pọ̀ sí i ní gbogbo 1,000 mítà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo awọ tiyín

Ohun tó ń mú awọ dúdú, ìyẹn melanin, ń dá UV dúró fúnra rẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1979 fojú díwọ̀n rẹ̀ pé ìpele òkè awọ dúdú ń ṣiṣẹ́ bí SPF 13.4, ti awọ funfun sì jẹ́ bí 3.4. Ìyàtọ̀ náà pọ̀, àmọ́ 13.4 kò tó láti sọ pé oòrùn kò lè ṣe awọ dúdú ní nǹkan kan. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ gan-an, nítorí náà ẹ wá ibi tí ẹ bọ́ sí.

Àfín ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù láyé. Melanin wọn kò tó nǹkan, jẹjẹrẹ awọ sì lè mú wọn láti ìgbà ọ̀dọ́ níbi tí oòrùn bá ti le. Fún wọn, ìpara SPF 50, akẹtẹ̀, aṣọ alápá gígùn àti jígí ojú tó ń dá UV dúró jẹ́ ìtọ́jú ìlera gidi. Ewu yòówù kó wà nínú kẹ́míkà ìpara kò ní ìwọ̀n kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewu oòrùn lára wọn. Bí ẹ bá ní ọmọ tó jẹ́ àfín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn kẹ́míkà dẹ́rù bà yín.

Ẹni tí awọ rẹ̀ funfun, tó tètè ń pọ́n, tí kì í tètè dúdú, ló tẹ̀ lé wọn. Ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti ní jẹjẹrẹ awọ rí, tàbí ẹni tó ń lo oògùn tó ń dín agbára ara láti gbógun ti àrùn kù lẹ́yìn ìpààrọ̀ ẹ̀yà ara, wà ní ipò kan náà.

Fún ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú, jẹjẹrẹ tí oòrùn ń fà ṣọ̀wọ́n. Ohun tó sábà ń kó ìdààmú bá a ni àbàwọ́n: ojú tó ń ṣú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí, ojú irorẹ́ tó kọ̀ tí kò parẹ́, àpá tó dúdú ju awọ tó yí i ká lọ. UV ń dá kún un, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ lásán tí ojú ń rí náà sì ń dá kún un, ìpara tí kò ní àwọ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dá ìmọ́lẹ̀ yẹn dúró. A ó padà sórí èyí níbi tí a ó ti yan ìpara, torí ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ń ṣòfò sí.

Ẹ tún yẹ oògùn tí ẹ ń lò wò. Doxycycline tó ń pa kòkòrò àrùn, hydrochlorothiazide tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ìpara tretinoin fún irorẹ́, lè mú kí oòrùn tètè ṣe awọ léṣe. Ẹni tó ní lupus, àrùn tí agbára ara fi ń gbógun ti ara fúnra rẹ̀, náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, torí oòrùn lè ru àrùn náà sókè.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ibòji àti aṣọ ni tirẹ̀. Awọ rẹ̀ ṣì fẹ́lẹ́, ara rẹ̀ sì kéré débi pé ohun tí wọ́n bá pa sí i lára máa ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ fún ìwọ̀n rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ ohun tí ìpara ń ṣe tó dájú

Ìdánwò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí wáyé nílùú Nambour ní Queensland, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Àgbàlagbà 1,621 ló kópa nínú rẹ̀ láti 1992 sí 1996. Wọ́n ṣẹ́ kèké pín wọn: apá kan ń pa ìpara tó ju SPF 15 lọ díẹ̀ sí orí, ọrùn, apá àti ọwọ́ lójoojúmọ́, apá kejì ń ṣe bó ṣe wù wọ́n. Iye kókó jẹjẹrẹ awọ tí wọ́n ń pè ní squamous cell dín ní nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 lára àwọn tó ń pa á lójoojúmọ́. Ti basal cell, tó wọ́pọ̀ jù, kò yí padà. Nígbà tí wọ́n tún padà wò wọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí ìdánwò parí, èèyàn 11 ló ní melanoma tuntun (oríṣi jẹjẹrẹ awọ tó léwu gan-an) láàárín àwọn tó ń pa á lójoojúmọ́, 22 sì ni láàárín àwọn yòókù. Àbájáde kan tó jáde ní 2013 fi hàn pé awọ àwọn tó ń pa á lójoojúmọ́ gbó ní ìdá 24 nínú 100 kéré sí ti àwọn yòókù.

Ẹ kíyè sí i pé SPF bí 15 lásán ló ṣe gbogbo ìyẹn. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé wọ́n ń pa á lójoojúmọ́. Ẹ sì kíyè sí i pé awọ funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀, lábẹ́ oòrùn tó le gan-an. Ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú kò lè gbé nọ́ńbà jẹjẹrẹ yẹn wá sórí ara rẹ̀ bó ṣe rí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wọn ewu inú ike

Ìpara pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ń lo zinc oxide tàbí titanium dioxide, ohun alumọ́ni tí wọ́n lọ̀ kúnná. Èkejì ń lo kẹ́míkà tó ń fa UV mu, bí avobenzone, oxybenzone, octocrylene, octinoxate àti homosalate. Ọ̀pọ̀ ike máa ń da bíi méjì sí mẹ́rin nínú wọn pọ̀.

Ní 2019 àti 2020, àwọn olùwádìí FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde jáde pé kẹ́míkà wọ̀nyí ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n pa ìpara sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ara lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́ nínú ìdánwò àkọ́kọ́, iye tó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ sì ju 0.5 nanogram nínú mílílítà kan lọ. Ibí yìí ni àìgbọ́ra-ẹni-yé ti bẹ̀rẹ̀. Ààlà 0.5 yẹn kì í ṣe ààlà ìpalára. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí kẹ́míkà bá kọjá ibẹ̀, ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò síwájú sí i. Àwọn olùwádìí náà kò ní kí ẹnikẹ́ni dẹ́kun lílo ìpara. Ní 2019 kan náà, FDA dábàá pé kí wọ́n ka zinc oxide àti titanium dioxide sí ohun tó láàbò tó sì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n yọ kẹ́míkà méjì, PABA àti trolamine salicylate, kúrò, kí wọ́n sì béèrè ẹ̀rí sí i lórí kẹ́míkà 12 yòókù.

Oxybenzone ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù, torí ó ń ṣe bí hómóònù lára ẹranko tí wọ́n fún ní ìwọ̀n ńlá. Kò tíì sí ẹ̀rí tó dájú pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lára ẹni tó ń fi para. Ní tiwa, aboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ọmọdé, àti ẹnikẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lè mú èyí tó jẹ́ zinc oxide tàbí titanium dioxide nìkan. Ọ̀nà yẹn yanjú ọ̀rọ̀ náà láìjẹ́ pé èèyàn fi awọ sílẹ̀ fún oòrùn.

Ewu tí ẹ lè fojú ara yín rí ni kí ara kọ ìpara: kó pọ́n, kó sú, kó máa yún. Lọ́fíńdà àti ohun tí wọ́n fi ń pa ìpara mọ́ kó má bàjẹ́ ló sábà ń fà á. Oxybenzone àti octocrylene náà wà lára wọn. Nígbà míì, ìpara àti oòrùn gbọ́dọ̀ pàdé lára kí ara tó sú. Ẹni tí jẹ́ẹ̀lì ìrora ketoprofen ti mú kí ara rẹ̀ sú rí níláti yẹra fún octocrylene, torí ara tó kọ ọ̀kan sábà ń kọ èkejì. Kí ẹ tó pa ìpara tuntun sójú, ẹ pa díẹ̀ sí abẹ́nú apá lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, níbi kan náà, kí ẹ sì máa wò ó.

Ní 2021, wọ́n rí benzene, tó ń fa jẹjẹrẹ, nínú àwọn ìpara kan tí a ń fín, wọ́n sì kó wọn kúrò lórí àtẹ. Benzene kì í ṣe èròjà ìpara. Ìdọ̀tí tó bá èròjà wọlé ni. Èyí wà lára ìdí tí a fi fẹ́ràn ìpara tí a fi ọwọ́ pa ju èyí tí a ń fín lọ. Ìdí míì tún wà: atẹ́gùn máa ń gbé púpọ̀ lọ kó tó balẹ̀ sára, èèyàn a sì máa fà á símú. Bó bá jẹ́ òun lẹ ní, ẹ fín in sí àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ tó fi pa ojú, kí ẹ sì jìnnà sí iná, torí gáàsì tó wà nínú rẹ̀ lè gbiná.

Fítámì D ńkọ́? UVB ló ń bá awọ ṣe é, nítorí náà ìbéèrè náà tọ́. Bí àwọn èèyàn ṣe ń pa ìpara gan-an, kì í sábà mú kí fítámì D tán lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pa SPF 50 dáadáa sí ibi púpọ̀ lára lójoojúmọ́, àfín tó ń bo ara rẹ̀ pátápátá, àti ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú tó ń gbé níbi tí oòrùn ti kéré, lè rí i kó dín. Kí wọ́n ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kí wọ́n sì lo fítámì D oníhóró bó bá yẹ. Kéèyàn fi ìpara sílẹ̀ kí fítámì lè wọlé jẹ́ gbígba ewu ńlá láti fi ra ohun tí hóró oògùn kékeré kan lè fúnni.

Ní ti òkun, orílẹ̀-èdè erékùṣù Palau fòfin de àwọn kẹ́míkà ìpara kan láti 2020. Ìpínlẹ̀ Hawaii ní Amẹ́ríkà sì fòfin de títa èyí tó ní oxybenzone tàbí octinoxate láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2021, nítorí àwọn iyùn inú òkun (coral), tí wọ́n ní kẹ́míkà náà lè ṣe léṣe. Omi òkun tó ń gbóná sí i ló ń pa iyùn jù, àmọ́ níbi tí ẹ bá ti fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ láàárín wọn, ẹ̀wù ìlúwẹ̀ẹ́ alápá gígùn máa ń dín ìpara tí ẹ nílò kù ju ìdajì lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ka ara ike

Nọ́ńbà SPF ń sọ ti UVB nìkan. SPF 15 ń dá nǹkan bí 93 nínú 100 dúró, 30 ń dá 97, 50 ń dá 98. Ẹ rí i pé láti 30 sí 50 kò jìnnà. Ẹ má gbà pé SPF 30 túmọ̀ sí ìṣẹ́jú báyìí-báyìí: UV ọ̀sán gangan àti ti aago mẹ́jọ àárọ̀ kò dọ́gba. Ìpara SPF 20 lórí SPF 30 kò sì di 50.

Ti UVA, àmì míì ni ẹ ó wá. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń kọ ọ́ ní broad spectrum. Ní Yúróòpù, wọ́n ń kọ UVA sínú róbótó. Ìyẹn ni pé agbára rẹ̀ lórí UVA tó ìdá kan nínú mẹ́ta SPF rẹ̀, ó kéré tán. Ti Japan ni PA tí wọ́n fi àmì + lé, láti ọ̀kan dé mẹ́rin. Ike tí kò ní ọ̀kankan nínú wọn lè dá jíjó dúró, kó sì jẹ́ kí UVA máa ṣiṣẹ́ lọ. A kò ní rà á.

Kò sí ìpara tí omi kò lè ṣí kúrò. Àkọlé tó dára máa ń sọ pé ó lè fara da omi fún ìṣẹ́jú 40 tàbí 80. Iye ìṣẹ́jú tí ẹ ní kí ẹ tó tún un pa nìyẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àbàwọ́n tí a sún síwájú. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣú níláti wá ìpara tó ní àwọ̀, èyí tí iron oxide wà nínú èròjà rẹ̀. Iron oxide ló ń dá ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ dúró. Òun náà ló ń mú kí zinc oxide má fi awọ dúdú sílẹ̀ ní funfun bí ẹni tó kun ẹfun, ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá fún ìpara. SPF 30 tó ní àwọ̀ á wúlò fún un ju SPF 100 tí kò ní àwọ̀ lọ. Bí àwọ̀ tó wà lórí àtẹ kò bá ti awọ yín mu, ẹ pa ìpara lásán, kí ẹ wá fi àtíkè tó ní iron oxide lé e.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ pa á bó ṣe yẹ

Níbi àyẹ̀wò tí SPF ti jáde, mílígíráàmù 2 ni wọ́n ń pa sí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan. Ohun tí àwọn èèyàn ń pa nílé sábà wà láàárín 0.5 sí 1. Bí ẹ bá pa SPF 50 ní ìdajì, ó lè wálẹ̀ sí 25 tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ àǹfààní ti ń sọnù, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ fi ṣíbí tíì, tó ń gba mílílítà 5, wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan kí ojú yín lè mọ̀ ọ́n. Ojú, etí àti ọrùn: ṣíbí kan. Apá kọ̀ọ̀kan: ṣíbí kan. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ṣíbí kan. Àyà dé ikùn: ṣíbí kan. Ẹ̀yìn: ṣíbí kan. Méje ni gbogbo rẹ̀, mílílítà 35, fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ mọ níwọ̀n; ẹni tó sígbọnlẹ̀ nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ike 100 mílílítà kò tó gbogbo ara lẹ́ẹ̀mẹ́ta nìyẹn. Ike 50 mílílítà tí ẹ ń pa sójú àti ọrùn nìkan níláti tán ní nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá. Bó bá ti pé oṣù mẹ́ta tí ẹ ń pa á lójoojúmọ́ tí kò tán, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

1. Ẹ fọ ojú, ẹ pa ìpara amáwọ-tutù bí ẹ bá ń lò ó, kí ẹ jẹ́ kó wọra.
2. Ẹ pa ìpara oòrùn ní ìṣẹ́jú 15 sí 20 kí ẹ tó jáde. Ẹ pín in sí méjì: ẹ pa ìdajì, ẹ dúró díẹ̀, ẹ pa ìyókù. Ó rọrùn láti pa ìwọ̀n tó pé báyìí ju kéèyàn da gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà.
3. Ẹ má gbàgbé etí, ẹ̀yìn ọrùn, òkè ẹsẹ̀, ẹ̀yìn ọwọ́, orí tó pá, ojú ìlà tí a fi pín irun. Fún ètè, ẹ wá èyí tí wọ́n ṣe fún ètè.
4. Àtíkè àti ìkunjú ló kàn. Oògùn tó ń lé ẹ̀fọn ló kẹ́yìn pátápátá. Ẹ má ra èyí tí wọ́n po méjèèjì pọ̀: ìpara oòrùn la máa ń tún pa léraléra, ti ẹ̀fọn kò yẹ bẹ́ẹ̀.
5. Ẹ tún un pa ní wákàtí méjì-méjì bí ẹ bá wà níta, àti gbàrà tí ẹ bá jáde nínú omi, tí ẹ làágùn púpọ̀, tàbí tí ẹ fi táwẹ̀lì nura.

Bí ẹ bá wà nínú ilé níbi tó jìnnà sí fèrèsé, kò sí ìdí láti máa tún un pa ní wákàtí méjì-méjì. Bí ẹ bá fẹ́ jáde lọ́sàn-án lẹ tó tún un pa.

Ẹ kọ́kọ́ lo ibòji, akẹtẹ̀ àti aṣọ tó hun pọ̀. Ìpara wà fún ibi tí aṣọ kò dé. Aṣọ kì í ṣí bí òógùn bá bọ̀, kì í wọnú ẹ̀jẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń wọ ìdajì rẹ̀.

Bí nǹkan bá ń lọ́ tìkọ̀

Ìpara ń ká jọ lójú bí ìdọ̀tí ara: ẹ ò jẹ́ kí èyí tó wà nísàlẹ̀ gbẹ, tàbí ẹ̀ ń fi agbára fi ọwọ́ ra á. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú jẹ́jẹ́.

Ojú ń ta: avobenzone àti àwọn kẹ́míkà míì ló sábà ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí òógùn bá gbé wọn wọjú. Ẹ lo zinc oxide líle, bí èyí tó rí bí ìkunètè, yí ojú ká.

Irorẹ́ ń yọ: ẹ wá èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní òróró púpọ̀, kí ẹ sì rí i pé ẹ ń fọ̀ ọ́ kúrò pátá lálẹ́. Omi nìkan kì í ṣí èyí tó ń fara da omi kúrò tán.

Aṣọ funfun ń pọ́n tàbí ń yí padà bí ìpẹtà: avobenzone pàdé irin inú omi ìfọṣọ ni. Bleach máa ń mú kó burú sí i. Ẹ jẹ́ kí ìpara gbẹ kí ẹ tó wọ aṣọ.

Ìpara pín sí omi àti ọ̀rá nínú ike, tàbí òórùn rẹ̀ yí padà: ẹ dà á nù. Ẹ má fi í sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Bí kò bá ní ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára, ẹ má lò ó kọjá ọdún mẹ́ta tí ẹ rà á. Èyí tó ní octocrylene, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí ìwádìí 2021 kan rí i pé benzophenone, kẹ́míkà kan tí wọ́n fura sí pé ó lè fa jẹjẹrẹ, ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀ bó ṣe ń gbó.

Epo àgbọn àti òrí ń mú awọ tutù, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń dá dúró nínú UV kéré jọjọ. Ẹ má sì po zinc oxide mọ́ òróró fúnra yín: ìyẹ̀fun rẹ̀ máa ń dì kókó, ibi kan á ní púpọ̀, ibi kan kò ní ní rárá, kò sì sí bí ẹ ó ṣe mọ̀ àfi bí oòrùn bá ti jó yín.

Ohun tí ìpara kò lè dí

Irú melanoma tó wọ́pọ̀ jù lára aláwọ̀ dúdú máa ń yọ ní àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná, níbi tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Irú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ èékánná ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló pa Bob Marley ní 1981, lẹ́ni ọdún 36. Ìpara kankan kò lè dí i, nítorí náà wíwo ara ṣe pàtàkì. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀, àárín ọmọ ìka àti gbogbo èékánná níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ lọ rí dókítà awọ bí ẹ bá rí àmì tó ń tóbi, tí etí rẹ̀ kò gún, tí àwọ̀ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ẹ lọ bákan náà bí ẹ bá rí ìlà dúdú kan ṣoṣo lábẹ́ èékánná tó ń fẹ̀ sí i tàbí tó ti tàn dé awọ ìdí èékánná. Tàbí egbò tó ti ju oṣù kan lọ tí kò jiná, pàápàá lójú, létí àti lọ́rùn àfín.